Ọwọ́ Ta Ni Ṣílè Búburú Yóò Kú Sí?

Ìbéèrè kan wà tí ó rọrùn láti bèèrè, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro láti dáhùn. Bí ohun búburú bá dé ọwọ́ ènìyàn, tí kì í ṣe òun ni ó ṣe é, tí kò sì mọ̀ pé ó burú nígbà tí ó gbà á, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó tì í sí ọwọ́ ẹlòmíràn kí àdánù náà má baà jẹ́ tirẹ̀? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni yóò yára dáhùn pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò nira fún ẹni tí ohun búburú kankan kò sí ní ọwọ́ rẹ̀ ní àkókò tí a ń bi í. Nítorí náà, èmi kò ní fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Èmi yóò gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ní àkókò tí ó wà láàárín ogun àgbáyé kìn-ín-ní tí ó parí ní 1918 àti èkejì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, nígbà tí àwọn ará ọjà ń dáhùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ìdáhùn wọn sì ń kan ikùn wọn àti ikùn àwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti gbọ́ pé ní 1892 ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n, tí àwọn ojú ọ̀nà tí àwọn Ìjẹ̀bú ti ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin ojú sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni gbogbo. Kò tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà tí ìlú yìí fi yí padà débi pé ohun tí baba mọ̀ kò tó kọ́ ọmọ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kún àdúgbò gbogbo. Ilé-ẹ̀kọ́ Ijebu-Ode Grammar School ṣí ní 1913. Ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù tí ó jẹ́ pé orí ènìyàn ni ó ń rù ú tẹ́lẹ̀, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú sì tàn ká ìlú òkèèrè. Àní orí ìtẹ́ pàápàá kò dúró sójú kan: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ Awùjalẹ̀ Adénúgà lóyè ní 1929, Ògúnnáìkè jẹ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1933, Daniel Adésànyà, Gbélégbùwà Kejì, ti gorí oyè. Ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1929 ti rí ọba mẹ́ta kí ó tó jáde ìwé mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí ni èyí tí ojú kò tètè rí. Oúnjẹ inú ìkòkò ará Ìjẹ̀bú ti wá so mọ́ ìlú tí kò rí rí, tí kò sì retí láti rí. Amẹ́ríkà ni ó ń ra kókó jù lọ ní ayé nígbà náà, ní 1925 ni wọ́n sì dá ọjà kan sílẹ̀ ní New York, níbi tí àwọn ènìyàn tí kò mọ igi kókó yàtọ̀ sí igi obì ti ń ra kókó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ká, tí wọ́n sì ń tà á fún ara wọn. Iye tí wọ́n bá fi ẹnu sí níbẹ̀ àti ní London ni ó ń di iye tí ẹni tí ń ra kókó nílẹ̀ Yorùbá yóò san fún àgbẹ̀. Àgbẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dúnàá-dúrà. Ohun tí ó máa ń dé etí rẹ̀ ni pé, "Owó ti já," láìsí àlàyé.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ayé dùn ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn bí ẹni pé kò tún ní kan mọ́. Wọ́n fi òfin de ọtí ní 1920, ọtí kò sì fi ọjọ́ kan tán ní ìlú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti rédíò wọ ilé òṣìṣẹ́. Àwọn ènìyàn dúdú tí ìyà ń jẹ ní ìhà gúúsù ń dì ẹrù wọn lọ sí àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá, wọ́n ń wá iṣẹ́ àti àlàáfíà. Ẹni tí kò lówó a yá owó, a fi ra ìwé ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá: a san ìdá kan nínú mẹ́wàá iye rẹ̀, a jẹ ìyókù ní gbèsè, a sì gbà lọ́kàn pé lọ́la ẹlòmíràn yóò rà á lọ́wọ́ òun ní iye tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí a óò padà sí i. Ní òpin oṣù kẹwàá 1929, lọ́la náà kò dé. Gbogbo ènìyàn ń wá ẹni tí wọn yóò tì í sí lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan náà, kò sì sí ẹni tí ó na ọwọ́. Láàárín 1930 sí 1933, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ilé owó ni ó wó ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó sì di 1933, bí a bá ka òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ó tó ẹnì kan nínú wọn tí kò níṣẹ́. Ẹni tí kò níṣẹ́ kì í ra ṣokoléètì. Bẹ́ẹ̀ ni owó kókó ṣe wálẹ̀ ju ìdajì lọ láàárín ọdún díẹ̀, epo pupa àti èkùrọ́ sì tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ fún irú àkókò bẹ́ẹ̀: wọ́n pè é ní ọ̀dá owó. Orúkọ náà bá a mu. Nínú ọ̀dá, kì í ṣe pé ilẹ̀ kò sí tàbí pé ọwọ́ àgbẹ̀ rọ. Òjò ni kò rọ̀. Iṣu wà, ẹni tí yóò jẹ iṣu wà, owó tí ó yẹ kí ó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì ni a kò rí. Síbẹ̀ owó-orí wà níbẹ̀, ṣílè ni ìjọba sì ń gbà, kì í gba iṣu. Àwọn kan nílẹ̀ Yorùbá fi ara wọn tàbí ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè. Ìjọba ń dín òṣìṣẹ́ kù. Báǹkì Industrial and Commercial, tí Tete-Ansa ọmọ Gold Coast dá sílẹ̀ ní 1929 kí àwọn ènìyàn dúdú lè ní báǹkì tiwọn, kò ju ọdún kejì lọ tí ó fi wó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó káwọ́ gbera. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ní Ìjẹ̀bú-Òde títí di 1932, ti kó àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú jọ sí ẹgbẹ́ kan ní 1926. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1931, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Bí àwọn kan ṣe dojú kọ ọ̀dá owó nìyẹn. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà mìíràn.

Ìjẹ̀bú ti mọ iṣẹ́ idẹ láti ayébáyé. Ẹni tí ó bá ti rí ẹdan Òṣùgbó tí àwọn alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀bú dà yóò mọ̀ pé ọwọ́ tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ní ìgbà ọ̀dá owó, díẹ̀ nínú irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun mìíràn. Wọ́n a tẹ ṣílè gidi sínú amọ̀ kí àwòrán rẹ̀ lè hàn: orí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ojú kan, igi ọ̀pẹ ní ojú kejì. Wọ́n a yọ́ òjé, tánganran tàbí idẹ, wọ́n a sì dà á sí i. Nígbà tí ó bá tutù, tí wọ́n bá sì fi nǹkan ha etí rẹ̀, ó ti di ṣílè fún ẹni tí ń kánjú. Ohun kan ni ó mú kí iṣẹ́ yìí rọrùn. Láti 1913 tí Àjọ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń kó ṣílè tirẹ̀ jáde, fàdákà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní 1920, fàdákà wọ́n, wọ́n sì pa á tì, wọ́n ń fi idẹ àdàlù ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni ṣílè ìjọba fúnra rẹ̀ kò ti tó ṣílè bí a bá fi ojú irin tí ó wà nínú rẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba ni ó sọ ọ́ di ṣílè.

Àwọn òpìtàn wa méjì, Tóyìn Fálọlá àti Ayọ̀déjì Olúkòjú, ti yẹ ìwé àtijọ́ ti ìjọba wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé rírọ owó ayédèrú gbilẹ̀ gan-an ní àwọn ọdún ọ̀dá owó wọ̀nyẹn, àti pé àgbègbè Ìjẹ̀bú ni àwọn aláṣẹ máa ń dárúkọ jù. Kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan ni a ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo Ìjẹ̀bú ni ó ṣe é. Bí a bá kó gbogbo àwọn tí ó mọ ọ̀nà iṣẹ́ náà jọ, èmi gbà pé wọn kò lè kún ojú ọjà kékeré kan. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í dúró de ìṣirò. Ẹni tí ó bá ju ṣílè sórí òkúta tí kò dún gbangandan, tí ó dún bí ìgbà tí amọ̀ bọ́ sílẹ̀, a ní, "Ìjẹ̀bú ni èyí." Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìlú tí ó ní ọba, tí ó ní òfin, tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ olóòótọ́ oníṣòwò, ṣe di orúkọ irin búburú.

Ẹ jẹ́ kí a fi etí sí àwọn tí ń gbèjà arọwó, nítorí kò yẹ kí a dá ẹjọ́ agbọ́-ẹnìkan-dá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń wí ni ti ebi. Àwọn baba wa wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ó mú èso ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà mu ju ẹni tí ó dáná, tí ó fọ́n ẹwìrì, tí ó da ogún ṣílè ní òru kan lọ. Ebi kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí wọ́n wí lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Wọ́n ní ìjọba ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ta ni ó yọ fàdákà kúrò nínú ṣílè ní 1920? Ta ni ó dúró ní London ní oṣù kẹsàn-án 1931 tí ó kéde pé pọ́n-ùn kò tún ṣe é fi pààrọ̀ wúrà mọ́, tí owó wa tí ó so mọ́ pọ́n-ùn sì bá a rẹ̀yìn? Ní Amẹ́ríkà bákan náà, ní 1933, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ní owó wúrà nílé kó o wá sí báǹkì. Dọ́là ogún àti sẹ́ǹtì 67 ni wọ́n fi ń gba òṣùwọ̀n wúrà kan. Ní oṣù kìn-ín-ní 1934, nígbà tí wúrà náà ti wọlé tán, ìjọba sọ òṣùwọ̀n kan náà di dọ́là 35. Bí alágbẹ̀dẹ bá ṣe irú èyí, ẹ̀wọ̀n ni yóò lọ. Bí ọba bá ṣe é, wọ́n a pè é ní ìlànà ọrọ̀-ajé.

Mo rò ó títí, mo sì gbà pé òtítọ́ wà nínú ẹjọ́ yìí. Ìjọba tí ó bá yí òṣùwọ̀n padà láìbi ẹni tí ń fi òṣùwọ̀n náà jẹun léèrè ti jẹ gbèsè àlàyé, gbèsè yìí sì wúwo sí i nígbà tí ìjọba náà jẹ́ ti àjòjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹjọ́ náà ti ń rọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ni arọwó ń bá jà, ó yẹ kí ṣílè rẹ̀ pa ìjọba lára. Kò sì rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tí ń gba owó-orí mọ owó. Òkúta rẹ̀ wà lórí tábìlì, yóò ju ṣílè náà, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò sì dá a padà. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kókó mọ owó. Ọlọ́jà ńlá tí ń ta aṣọ mọ owó. Ṣílè búburú yóò máa kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti wú, tàbí ọmọdé tí a rán níṣẹ́, tàbí àgbẹ̀ tí ó ti oko wá tí kò sì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lọ́nà. Níbẹ̀ ni yóò kú sí. Ọfà tí alágbẹ̀dẹ ta sí ọba, alákàrà ni ó bà.

Nípa arọwó, nígbà náà, ọ̀rọ̀ kò gùn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Ẹni tí ìbéèrè wa kàn ni ẹni tí kò rọ owó, tí ó kàn bá ṣílè búburú nínú àpò rẹ̀ ní alẹ́.

Ẹ fi ojú inú wo obìnrin kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ọjà Ìjẹ̀bú-Òde ní 1932. Ó ti jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó ti po ògì, ó ti pọ́n ẹ̀kọ, ó ti gbé igbá lé orí. Ẹ̀kọ tí yóò pé ṣílè kan kì í ṣe ẹ̀kọ díẹ̀. Nígbà tí ó délé tí ó tú owó sílẹ̀, ó bá ṣílè kan tí kò dún. Kò mọ ẹni tí ó fún un. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba ṣe ní 1916 kò rí ẹ̀ṣẹ̀ lára rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú yìí, nítorí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti ju ṣílè náà sílẹ̀ tí ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ohun gbogbo ti yí padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò rí i. Ó mọ̀ báyìí. Bí ó bá gbé e fún alágbàdo ní ọ̀la, a kò lè pè é ní ẹni tí a rẹ́ jẹ mọ́. Ó ti bọ́ sínú ọ̀wọ́ àwọn arẹ́nijẹ, òfin náà sì ní orúkọ fún un. Ọ̀ràn yìí ni ó ń dẹ́rù bà mí nínú gbogbo rẹ̀: pé ènìyàn lè sùn ní olóòótọ́, kí ó sì jí pẹ̀lú ìpinnu tí yóò sọ ọ́ di arẹ́nijẹ kí oòrùn tó mú, láìṣe ohun kankan ju pé ó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà lọ.

Nítorí ohun tí yóò sọ fún ọkàn ara rẹ̀ nìyẹn: "Èmi kò jí ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, ohun tí mo sọnù ni mo ń wá." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó fẹ́ gba ohun tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olè bá gbé ewúrẹ́ mi, tí èmi sì lọ tú ewúrẹ́ aládùúgbò mi, èmi kò tíì gba ewúrẹ́ mi padà. Àdúgbò wa kàn ti ní olè méjì ni.

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláìní nìyí, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí New York. Báǹkì kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ National City Bank, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ náà, Charles Mitchell sì ni olórí rẹ̀. Báǹkì yìí ti yá àwọn onísúgà ilẹ̀ Kúbà lówó púpọ̀. Ní 1920 owó súgà já, àwọn onígbèsè kò sì lè san. Títí dé ibẹ̀, èmi kò rí ẹ̀bi lára báǹkì náà ju ti obìnrin ẹlẹ́kọ lọ: ó tú àpò, ó bá owó búburú níbẹ̀. Kí ni ó ṣe? Ní 1927 ó ta ìpín tuntun fún àwọn tí ó ní ìpín nínú báǹkì náà tẹ́lẹ̀. Nínú owó tí wọ́n san, mílíọ̀nù dọ́là 25 ni wọ́n darí gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí ó so mọ́ báǹkì náà, tí wọ́n sì fi ra gbèsè súgà yẹn kúrò lọ́rùn báǹkì. Wọn kò sọ fún àwọn tí ó san owó náà ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ta ìwé gbèsè ilẹ̀ Peru fún gbogbo ènìyàn, olùkọ́ àti opó pẹ̀lú wọn, nígbà tí àwọn aṣojú rẹ̀ ti kọ̀wé sí i pé ilẹ̀ náà kì í san gbèsè dáadáa. Ní 1931, Peru kò san án.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní oṣù kejì 1933, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Ferdinand Pecora, ọmọ aṣebàtà tí a bí ní Sísílì, jókòó ti Mitchell níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó sì ń bi í ní ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn títí gbogbo rẹ̀ fi tú síta. Mitchell fi ipò sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ní ọdún náà kan náà ni wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí yóò bá ta ìwé ìpín fún ará ìlú gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ kí ó tó tà á. Mitchell kò ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí ọwọ́ bà nílẹ̀ wa ṣẹ̀wọ̀n. Ó sì yẹ kí a kíyè sí i pé kò sí alákàrà kan ní ayé tí ó máa ń ju ìwé gbèsè búburú sílẹ̀ kí ó sì wí pé, "New York ni èyí." Ẹni tí a lè mú ni à ń lèdí mọ́.

Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè rí i pé ohun tí báǹkì ńlá náà ṣe pẹ̀lú mílíọ̀nù 25 àti ohun tí ẹlẹ́kọ ń rò láti ṣe pẹ̀lú ṣílè kan jẹ́ ohun kan náà. Ìyàtọ̀ wà, kò sì kéré: báǹkì náà lè ru àdánù rẹ̀ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì jẹun ní alẹ́. Ẹlẹ́kọ lè máà jẹun. Ìdí nìyí tí mo fi ń lọ́ra láti dìde dúró kí n sọ fún un pé, "Ju ṣílè náà sínú ṣáláńgá." Ta ni èmi láti wí bẹ́ẹ̀, tí mo jẹ iyán kí n tó kọ ìwé yìí? Àwọn tí ń kọ́ni ní ìwà rere máa ń gbàgbé láti bèèrè iye tí ìwà rere náà yóò ná ẹni tí wọ́n ń kọ́. Síbẹ̀ bí mo bá dákẹ́, mo ti gbà nìyẹn pé kí alágbàdo ru ẹrù rẹ̀, alágbàdo kò sì jẹun yó jù ú lọ. Bí kò bá sì sí ẹni tí yóò dá a dúró, ṣílè náà yóò yí ọjà ká, gbogbo ọwọ́ tí ó bá gbà á tí ó sì mọ̀ ni yóò fi àbàwọ́n sí, títí ọjà tí ó ní arọwó kan ṣoṣo yóò fi ní ọgọ́rùn-ún arẹ́nijẹ. Mo rò pé ọ̀nà tí orúkọ ìlú gbà bàjẹ́ nìyẹn ju iná alágbẹ̀dẹ lọ. Ọkùnrin mélòó kan ni ó rọ owó náà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tí wọ́n sì ń ná an kò lóǹkà, wọ́n sì wà ní ìlú gbogbo, títí kan àwọn tí ń pe orúkọ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀gàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìgbà láéláé ni èyí. Ṣílè lọ nígbà tí náírà dé ní 1973, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí ó kàwé, tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó tọ́jú náírà tí ó ya sí àpò ọ̀tọ̀, tí ó dúró kí ilẹ̀ ṣú kí ó tó fi ra àkàrà, nítorí pé àtùpà alákàrà kò mọ́lẹ̀ tó. Kò sì pe ara rẹ̀ ní olè. Ọlọgbọ́n ni ó pe ara rẹ̀.

Ǹjẹ́ kò wá sí ọ̀nà mìíràn fún ẹlẹ́kọ wa bí kò ṣe pé kí ó pàdánù tàbí kí ó rẹ́ni jẹ? Mo rò pé ọ̀kan wà, inú àṣà wa ni ó sì wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń dá èsúsú. Ká ní obìnrin méjìlá ni ó jókòó sórí ẹní ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó o, tí ṣílè tí kò dún sì wà láàárín owó tí ó wà nílẹ̀. Ṣílè kan jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá. Bí ẹni tí ó bá bọ́ sí lọ́wọ́ bá ru ú nìkan, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni. Bí àwọn méjìlá bá pín in ru, kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni, kò sì sí ẹni tí yóò sùn ní ebi nítorí kọ́bọ̀ kan. Wọn yóò wá gbé irin náà fún alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe iṣẹ́ òótọ́ kí ó yọ́ ọ, ìrìn àjò rẹ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, ẹnì kan nínú wọn ní láti kọ́kọ́ gbé ṣílè náà sókè lójú gbogbo wọn kí ó sọ pé èyí kò dára, nígbà tí ó mọ̀ dájú pé àwọn mọ́kànlá ìyókù yóò wo ojú rẹ̀, kí wọn tó wo ṣílè.